Ṣọ́tà kámẹ́rà: ṣé ó há ni, àbí ó lẹ̀?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Láti ọjọ́ mẹ́ta la ti ń fa ohun tí a ó máa pe ṣọ́tà kámẹ́rà onífíìmù ní Yorùbá, ìyẹn ohun tó ń ṣí, tó ń pa dé, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara fíìmù. Ẹnìkan ní ìpéǹpéjú. Ẹlòmíì láti Oǹdó ní ilẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀. Àgbà kan ní ṣọ́tà ni àwọn fọtógíráfà ń pè é, ká fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ṣọ́tà kan kó mi sí wàhálà láìpẹ́ yìí.

Kámẹ́rà Yashica Mat-124G ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Japan láàárín 1970 sí 1986. Ojú méjì ló ní lókè ara wọn: tòkè lèèyàn fi ń wò, tìsàlẹ̀ ló ń ya fọ́tò. Mo ki fíìmù sí i, mo ya gbogbo 12 tí fíìmù náà gbà nínú àgbàlá wa ní Àkúrẹ́. Gbogbo nǹkan hàn kedere lójú tòkè. Ìgbà tí wọ́n fọ fíìmù tán, ó mọ́ gaara látòkè délẹ̀, kò sí òjìji ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ojú tòkè ń ríran, tìsàlẹ̀ ò là rárá, èmi ò sì lè mọ̀.

Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe nítòsí Ọjà Ọba. Mo ní, "Bàbá, ṣọ́tà ẹ̀ ti há." Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó há? Kò há. Ó lẹ̀ ni."

Mo rò pé wọ́n kàn ń fi èdè dárà ni. Àṣé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Bó bá há, nǹkan kan ló dì í mú, bóyá eyín jíà tó ṣẹ́ tàbí síkúrù tó já bọ́ sínú, wíwá la máa wá a yọ. Bó bá lẹ̀, òróró tirẹ̀ ló dì í mú. Òróró àtijọ́ ti rìn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, ó dé ara àwọn irin pẹlẹbẹ inú ṣọ́tà tó ń ṣí tó ń pa dé, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bébà, wọ́n wá lẹ̀ mọ́ra bí ewé tí omi pa. Ìyẹn, fífọ̀ la máa fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi ipá fa èyí tó lẹ̀, á kàn ṣẹ́ ẹ ni. Èmi tí mo ti ń fà á láti òwúrọ̀, mo dákẹ́.

Wọ́n yọ dígí iwájú, wọ́n fi òwú kan epo láítà, wọ́n fi ra àwọn irin náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn irin náà là díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ọ̀sán. Òwú jáde dúdú. Wọ́n tún fi òmíràn ra á, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, títí ó fi ń dún "kẹ́!" tí ojú ò sì lè bá a mọ́. Wọ́n kìlọ̀ pé kí n má fi karosíìnì dán an wò láé, torí ó máa ń fi òróró sílẹ̀.

Ìpéǹpéjú wá dùn lẹ́nu, àmọ́ ó dorí kodò. Ojú tiwa là sílẹ̀, ó ń pa dé fìrí. Ti kámẹ́rà pa dé sílẹ̀, ó ń là fìrí. A sì ti fi ojú ṣíṣẹ́ sọ àkókò tipẹ́: ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá. Bí Yashica yìí bá yára tán, ìdá 500 ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi ń lajú. Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ilẹ̀kùn máa ń dúró de ẹni tó máa tì í.

Mo kọ́kọ́ dá alajúfìrí, ẹnìkan ní ó jọ orúkọ ẹni tí ọ̀làjú rẹ̀ ò pẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí a bá yí i sí àmì B lára kámẹ́rà, bí ìka bá ṣe pẹ́ tó lórí ibi tí a ń tẹ̀ náà ló ṣe máa là pẹ́ tó, fìrí á di irọ́. Aṣípadé ni mo fara mọ́: ó ṣí, ó pa dé. Bí wọ́n ṣe dá asọ̀rọ̀mágbèsì náà nìyẹn, wọ́n wo ohun tí rédíò ń ṣe. Kò sì lé rédíò kúrò lẹ́nu ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí àgbà wa má bínú, ṣọ́tà ò ní kú.

Ìpéǹpéjú ò sì ní ṣòfò. Àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn gan-an ló yẹ. Kámẹ́rà mìíràn wà tó jẹ́ pé ìkélé méjì ló ń lé ara wọn níwájú fíìmù, àkọ́kọ́ ń ṣí, èkejì ń tì. Bó bá yára gan-an, èkejì ti ń bọ̀ kí àkọ́kọ́ tó dé ibùdó, àlàfo tín-ín-rín nìkan ló ń kọjá. Ìyẹn ni aṣípadé ìkélé, tèmi ni aṣípadé ìpéǹpéjú.

Ó ku apá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mi ò rórúkọ fún, èyí tí a máa ń fà kí ayàwòrán ráyè sáré wọ inú fọ́tò. Bàbá ní kí n má fọwọ́ kàn án rárá nínú kámẹ́rà tó ti pẹ́. Ìyẹn, wọ́n ní, ló máa ń há.