Ọjọ́ 5, ọjọ́ 15 tàbí ọjọ́ 25: èwo ni ká gbà fún ìyá wa tí wọ́n fẹ́ fi ìtànṣán tọ́jú?

ỌmọAláṣọÌsẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n, aṣọ òkè ni wọ́n ń tà ní Ìsẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá ni àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ wà lọ́mú òsì wọn. Dókítà ti gé ọmú náà, ìyá mi ti gba kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, lẹ́ẹ̀mẹfà, irun wọn sì ti ń hù padà. Ó wá ku ìtànṣán. Ní Ìbàdàn, wọ́n sọ fún wa pé ọjọ́ 15 ni, Mọ́ńdè sí Fráídè, ọ̀sẹ̀ 3 gbáko.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ariwo nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní ọjọ́ 5 péré ni wọ́n ṣe fún ìyá ìyàwó òun lọ́hùn-ún, pé kí ló dé tí tiwa fi jẹ́ 15, àbí owó ni wọ́n ń wá? Ìyá kan ládùúgbò wa tí àwọn náà ti gba ìtànṣán rí, ó ti pẹ́ gan-an, ní 25 ni tàwọn, àti pé ẹni tí wọ́n bá ṣe 15 fún, wọn ò tọ́jú rẹ̀ parí. Ìyá mi gbọ́ tọ̀tún, wọ́n gbọ́ tòsì, oorun dá lójú wọn. Lánàá ni wọ́n pè mí sí yàrá, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti rí i pé mi ò ní yè ni wọ́n ṣe gé e kúrú?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ohun kan tí mo gbàgbé: dókítà sọ pé jẹjẹrẹ náà ti dé àwọn kókó abíyá wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ tan ìtànṣán sí àyà àti ìdí ọrùn pọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta

Ẹ kú aájò ìyá o. Aájò á jẹ́. Èmi náà ti dùbúlẹ̀ lórí tábìlì yẹn rí, 15 ni tèmi, ó pé ọdún 4 lóṣù yìí, mo sì ń lọ sọ́jà mi.

Ẹ sọ fún ìyá pé kò dunni. Ohun tó bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni bí gbogbo wọn ṣe jáde tí wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀, tí ilẹ̀kùn ńlá yẹn sì tì. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. N ò tíì dé ibi tí mo ti ń dárúkọ àwọn ọmọ mi tí wọ́n fi wọlé padà pé ó ti parí. Bí ó ṣe di ọ̀sẹ̀ kẹta ni àyà mi dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì bó díẹ̀ lábẹ́ abíyá, ṣùgbọ́n ó jinná.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mójú tó ni ẹ̀rọ. Tiwọn bàjẹ́ nígbà tí mo ṣe ìkẹfà, mo fi ọjọ́ 4 jókòó nílé, kò sí ẹni tó pè mí. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n_Onítànṣán

Iṣẹ́ mi lẹ bá pàdé yìí. Ọdún 14 ni mo ti ń to aláìsàn sórí ẹ̀rọ, ọdún 5 nílé, ìyókù ní England.

Ìbéèrè tí ìyá bi yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló wúwo jù. Ẹ wọlé tọ̀ wọ́n lọ nísinsìnyí kí ẹ sọ fún wọn pé rárá o. Nígbà tí dókítà bá fẹ́ fi ìtànṣán dín ìrora kù nìkan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló sábà máa ń jẹ́. Ọjọ́ 15 sí àyà àti ìdí ọrùn, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti kímò, ìtọ́jú ẹni tí wọ́n fẹ́ kó yè, kó sì pẹ́ láyé ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ 5, 15 àti 25. Gbogbo wọn ló sọ òótọ́, ìyá àdúgbò náà kò parọ́. Gray là ń fi wọn ìtànṣán. Láyé ijọ́un, 50 Gray la máa ń fún ọmú, a ó pín in sí ọ̀nà 25, 2 Gray lójúmọ́. Ìdí tí a fi ń pín in ni pé ara tó yá máa ń tún ara rẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í rí i ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ jẹjẹrẹ ọmú yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn jẹjẹrẹ yòókù. Bí èyí tí a fún un lójúmọ́ bá tóbi sí i, ó máa ń dùn ún gan-an. Nítorí náà, a lè fi kún ti ojoojúmọ́, ká dín àpapọ̀ rẹ̀ kù, kí agbára rẹ̀ má sì dín.

Wọn ò fẹnu lásán sọ ọ́. Láti 1999 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí START ní Britain. Nínú apá kejì rẹ̀, àwọn obìnrin 2,215 ni wọ́n pín sí méjì, àwọn kan gba 50 Gray lọ́jọ́ 25, àwọn kan gba 40 lọ́jọ́ 15. Nígbà tí wọ́n ka èsì ọdún 10 jáde ní 2013, jẹjẹrẹ kò padà sára àwọn ọlọ́jọ́ 15 ju ti àwọn yòókù lọ, kódà ọmú wọn kò sunkì tó ti àwọn tó gba 25. Ọ̀sẹ̀ 3 ìyá yín ti wá nìyẹn. Kò sí ẹni tó gé ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Ti London, ìwádìí FAST-Forward ló bí i: èèyàn 4,096, ilé ìwòsàn 97, èsì jáde ní 2020. Wọ́n fi 40 lọ́jọ́ 15 wé 27 lọ́jọ́ 5 àti 26 lọ́jọ́ 5. Láàárín ọdún 5, nínú 100 èèyàn tó gba ti ọjọ́ 15, bíi 2 ni jẹjẹrẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Àwọn tó gba 26, kò tó 2. Ibi tó máa ń mú mi dúró nínú ìwádìí yẹn ni ìyàtọ̀ 26 sí 27. Gray kan péré ni, síbẹ̀ bíi 15 nínú 100 àwọn tó gba 27 ni dókítà rí àbájáde tó hàn kedere lára ọmú tàbí àyà wọn lẹ́yìn ọdún 5. Ti àwọn 26 jẹ́ bíi 12, ti ọlọ́jọ́ 15 jẹ́ bíi 10. Wọ́n fi 27 sílẹ̀, wọ́n mú 26. Ẹ rí i pé iye ọjọ́ kọ́ là ń wò.

Kí ló dé tí wọn ò fún ìyá ní 5, nígbà náà? Ọ̀rọ̀ kókó abíyá tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ni. Ọmú tàbí àyà nìkan ni wọ́n tan ìtànṣán sí nínú ìwádìí tí mo ka èsì rẹ̀ fún yín yìí. Ìdí ọrùn àti abíyá ni àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí apá gbà kọjá, dókítà kì í sì fẹ́ fi ìtànṣán ńlá ojúmọ́ kan ṣeré níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín kò ní nǹkan kan lábíyá. Ẹ bi wọ́n.

ÌyáÌbejì, ẹ kú oríire ọdún 4. Ó yẹ kí wọ́n pè yín. Bí ẹ̀rọ bá dúró, onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn ló yẹ kó jókòó ti dókítà láti ṣírò bí wọ́n á ṣe dí àlàfo náà. Ẹ gba nọ́ńbà wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ìyá má sì fọwọ́ ara wọn yọ ọjọ́ kankan.

Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Apá ni àkọ́kọ́. Orí tábìlì yẹn, apá gbọ́dọ̀ wà lókè orí, kó má mì. Mo ti rí ìyá tó ń sunkún níwájú mi torí pé èjìká ti gan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a sì ní láti dá wọn padà sílé. Ẹ jẹ́ kí ìyá fi ọwọ́ òsì gun ògiri díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá lè wé gèlè fúnra wọn láìsí ìrànlọ́wọ́, ó ti tó.

Èkejì, ọmú òsì ni, ọkàn sì wà nítòsí. Nínú ìwádìí kan lórí obìnrin 2,168 ní Sweden àti Denmark tó jáde ní 2013, gbogbo Gray kọ̀ọ̀kan tó bá ọkàn ń fi ìdá 7.4 nínú 100 gbé ewu àìsàn ọkàn sókè. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó ní kí aláìsàn mí símú, kó dì í mú. Ẹ̀dọ̀fóró á kún, á ti ọkàn sẹ́yìn kúrò lójú ọ̀nà. Mo máa ń dúró síwájú tẹlifíṣàn inú yàrá wa, màá ní, "Màmá, ẹ mí símú... ó tó... ẹ dì í mú," màá sì máa wo ìlà àyà wọn tó gbé sókè tó dúró. Ogún ìṣẹ́jú àáyá. "Ẹ mí." Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa fi irin inú ẹ̀rọ gé ìtànṣán kúrò lára ọkàn.

Àmì tí wọ́n bá fi sáyà ìyá, ẹ má fi kànrìnkàn bó o.

Akọ̀wé_Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé ìtànṣán kan ti jáde tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, FLASH ni wọ́n pè é. Ṣé ìyá kò lè dúró de ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n_Onítànṣán

Kí wọ́n má dúró o. FLASH kì í ṣe irọ́. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Faransé fi eku ṣe é, wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀fóró tó yá kò fara gbọgbẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 2018, wọ́n fún ẹnì kan tó ní jẹjẹrẹ awọ ara ní 15 Gray ní Lausanne ní Switzerland, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà, èèyàn 10 tí jẹjẹrẹ ti dé egungun apá tàbí ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ṣe é fún, èsì jáde ní 2022. Inú mi ń dùn sí iṣẹ́ yìí gan-an, abẹ́ ìwádìí ló ṣì wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá sanwó FLASH fún ọmú ìyá yín, ẹ sá fún un. Jẹjẹrẹ kì í dúró deni.

ỌmọAláṣọÌsẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mi ò lè dúpẹ́ tán. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyá mi létí. Ibi tí ẹ ti ní ìtọ́jú ẹni tí wọ́n fẹ́ kó yè ni, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní London. Lóòótọ́, ìyá ìyàwó wọn kò ní nǹkan kan lábíyá. Mo ti gba nọ́ńbà ẹ̀ka ìtànṣán, mo sì ti kọ ìbéèrè mímí símú yẹn sílẹ̀. Mọ́ńdè la ń lọ fún wíwọ̀n. Ọwọ́ òsì ìyá mi dé ìsàlẹ̀ fèrèsé lórí ògiri lálẹ́ àná. Láàárọ̀ yìí, ó ti kọjá rẹ̀ díẹ̀.