Yíyọ `if` ṣáájú `kfree` káàkiri kóòdù: commit kan ni àbí púpọ̀?

Onílà: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi Coccinelle (irinṣẹ́ tó ń tún kóòdù C ṣe fúnra rẹ̀) yọ `if` tó ń yẹ NULL wò ṣáájú `kfree` (function tó ń dá memory padà nínú kernel Linux), nínú kóòdù C ńlá tí olùtọ́jú rẹ̀ pọ̀. Ṣé inú commit kan ṣoṣo ni kí n kó o sí, àbí kí n gé e sí wẹ́wẹ́? Àwọn tí branch wọn ò tíì wọlé ńkọ́?

Àjàlá: Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ìlànà yín gún:

```
@@ expression E; @@
- if (E != NULL) kfree(E);
+ kfree(E);
```

Ẹ má gé e kù sí `if (E)`. `E != NULL` máa ń mú `if (E)` mọ́ra, àmọ́ `if (E)` kì í mú `E != NULL`. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlànà náà sínú fáìlì `yo.cocci`, kẹ́ ẹ sì lo spatch, àṣẹ Coccinelle: `spatch --sp-file yo.cocci --dir . --in-place`.

Iṣẹ́ yìí kò so fáìlì kan mọ́ òmíràn, ẹ gé e kí olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ká ní iye argument function lẹ fẹ́ yí ni, gígé á ba nǹkan jẹ́: àwọn commit àárín ò ní í kọ́ńpáìlì, `git bisect` (tó ń wá commit tó fa àṣìṣe) á sì há síbẹ̀.

Àtúnṣe ọwọ́ ò gbọdọ̀ wọ commit tí ẹ̀rọ ṣe o. Ẹ lẹ ìlànà náà mọ́ commit message, kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ojú ka ẹgbẹ̀rún ìlà?

Kẹ́mi_C: Function tí macro inú rẹ̀ bá rú spatch lójú, ṣe ló máa fò ó. Ẹ fi `spatch --parse-c` yẹ fáìlì tó bá mú ìfura wá wò, kẹ́ ẹ sì fi `git grep -n -B1 'kfree('` wá èyí tó ṣẹ́ kù. Kóòdù tó wà lábẹ́ `#ifdef` tí ẹ ò tan, kọ́ńpáílà ò rí i rárá, torí náà config kan ò tó.

Rẹ̀mí: Ti branch: ká pe commit náà ní R. Lórí branch, `git merge R^` (`R^` ni commit tó ṣáájú R), ẹ lo spatch kan náà, ẹ commit, lẹ́yìn náà `git merge -s ours R`. Ohun tí R ṣe ti wà lọ́wọ́ yín, conflict ò sí. Bó bá ju commit kan lọ, tí commit mìíràn ò sì sí láàárín wọn, èyí tó ṣáájú àkọ́kọ́ lẹ máa merge ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn sì ni R.

Onílà: Ẹ ṣeun. `git blame`, tó ń fi commit tó yí ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn hàn ńkọ́? Mi ò fẹ́ kó máa tọ́ka sí commit yìí.

Rẹ̀mí: Láti Git 2.23: hash rẹ̀ ní kíkún sínú `.git-blame-ignore-revs`, kí kálukú sì ṣe `git config blame.ignoreRevsFile .git-blame-ignore-revs`. Inú commit tó tẹ̀ lé e ni ẹ máa kọ ọ́ sí. Ọmọ tí a ò tíì bí kò lórúkọ. Ẹ dúró kó wọ branch àgbà ná, nítorí squash tàbí rebase á yí hash náà padà.