Fítámì D ìyàwó mi kéré nínú oyún, èló ni kó máa lò?

Okun o, ẹ̀yin ará. Kábà la wà. Ọ̀sẹ̀ 33 nìyàwó mi fi bí àkọ́bí wa. Oyún kejì ti di ọ̀sẹ̀ 18 báyìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin gbé fítámì D rẹ̀ sí 14 ng/mL, wọ́n sì fi bíírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Aránṣọ ni, inú ṣọ́ọ̀bù ló ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó máa yáòrùn, oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan ló fún un. Kẹ́míìsì gbé fítámì D oníhóró 50,000 IU (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) jáde. Mo ní kó ṣì gbé e sílẹ̀ ná. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ò kúkú ní kí gbogbo aláboyún máa lò ó.

Ẹ̀yin dókítà àti agbẹ̀bí, pẹ̀lú 14 yìí, IU mélòó lóòjọ́ ni kò ní pa á lára, ṣé ó sì lè dín ewu bíbí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 kù?