Ìdánwò ìṣirò ALEKS fún àbúrò mi tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá ní ìmọ̀ràn. Yunifásítì ti gba àbúrò mi obìnrin wọlé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ALEKS, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mọ kíláàsì ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí ìbéèrè rẹ̀ kì í ju 30 lọ. Bí máàkì rẹ̀ bá kéré, Precalculus, ìyẹn ìṣirò ìpìlẹ̀ tó ṣáájú Calculus, ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ dípò Calculus fúnra rẹ̀, físíìsì yóò sì sún síwájú, èyí tó lè fi kún owó ilé-ìwé tí a ń wá tipátipá. Ó mọ logarithm dáadáa. Trigonometry, ìṣirò igun àti ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta, ló ń dà á láàmú. Ṣé kí ó ṣe ìdánwò náà báyìí, kí ó lè rí ibi tó kù sí, àbí kí ó kọ́kọ́ kàwé?