Òjé 2 mm lórí eku: ṣé ó tó fún iṣẹ́ bystander effect?

Ọmọ Ìfàkì (Adó-Èkìtì): Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú Èkìtì Kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ másítà ni. Mo fẹ́ fún eku ní ìtànṣán 3 Gy (Gy la fi ń wọn iye ìtànṣán tí ara gbà) láti ọrùn dé ìrù, kí n fi òjé bo orí, kí n wá wò ó bóyá DNA inú ọpọlọ náà máa bàjẹ́. Bystander effect nìyẹn: kí sẹ́ẹ̀lì tí ìtànṣán ò kàn bàjẹ́ nítorí àwọn tó kàn. Ẹ̀rọ Cobalt-60, tó ń ta ìtànṣán gamma, ni wọ́n ní a lè lò. Òjé 2 mm ni mo rí rà. Ṣé ó tó?

Bàbá Lábù: Kò tó rárá. Fún Cobalt-60, ó tó 12 mm òjé kí ìtànṣán tó já sí ìdajì. Èyí tó o rà yẹn ò ní dá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá dúró. Orí eku á gba 2.6 Gy ó lé, ìwọ á wá máa pè é ní bystander! Òjé 6 cm gan-an, bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ṣì máa kọjá. Wá ẹ̀rọ X-ray 250 kV. Tìyẹn, òjé tí kò tó 1 mm ti gé e sí ìdajì, 5 mm á sì ṣiṣẹ́ gidi.

Má sì gbé òjé bátìrì àlòkù lọ fáwọn tó ń da ìkòkò pé kí wọ́n bá ẹ yọ́ ọ. Èéfín rẹ̀ májèlé ni, afẹ́fẹ́ sì máa ń há sínú rẹ̀, ihò tójú ò rí ni ìtànṣán máa gbà wọlé.

Ọmọ Ìjerò: Òótọ́ lọ̀rọ̀ Bàbá, àmọ́ ibì kan ṣì kù. Èyí tó ń bọ̀ látòkè nìkan ni òjé ń dá dúró. Ara eku náà ń ta ìtànṣán káàkiri, á gba inú ọrùn wọ orí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí òjé nípọn tó tó máa dá ìyẹn dúró. Ẹ fi TLD kékeré (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) sínú agbárí òkú eku, kí ẹ wọn iye tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwọn eku kan sọ́tọ̀, kí ẹ fún gbogbo ara wọn ní iye yẹn gẹ́lẹ́. Bí ọpọlọ wọn bá bàjẹ́ bákan náà, kò sí bystander kankan níbẹ̀.

Àwọn eku tí ẹ ò fún ní ìtànṣán rárá pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ oorun, kí wọ́n sì wà lábẹ́ òjé fún iye àkókò kan náà. Ara eku máa ń tutù lábẹ́ ketamine, oògùn oorun yẹn, ìyẹn nìkan lè da èsì rú.

Mancuso àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní 2008, jẹjẹrẹ sì yọ nínú ọpọlọ tí wọ́n bò. Ṣùgbọ́n eku tí apilẹ̀ Patched1 rẹ̀ ti lábùkù ni wọ́n lò. Ẹ má retí kókó jẹjẹrẹ nínú eku lásán.

Ọmọ Ìfàkì: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé micronucleus (ègé DNA kékeré tó dá wà nínú sẹ́ẹ̀lì) ni kí n kà?

Bàbá Lábù: Nínú ọpọlọ kẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ pín kí micronucleus tó yọ, neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì iṣan ọpọlọ, kì í sì í pín. γ-H2AX, àmì tó ń hàn níbi tí DNA ti já, ni kó o lò. Kó o tó yọ ọpọlọ, fi omi iyọ̀ 0.9% fọ ẹ̀jẹ̀ dànù láti inú ọkàn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó gba ìtànṣán nísàlẹ̀ á ti ṣàn dé orí, wàá sì kà á mọ́ ti ọpọlọ. Má gbẹ́kẹ̀ lé fíríìsà, o mọ iná tiwa. Formalin 10% ni kó o rì í sí, kó o tó fi paraffin (ìda) dì í. Kí ẹni tó máa kà á má sì mọ èyí tó gba ìtànṣán.

Ọmọ Ìjerò: Kí ìgbìmọ̀ ẹranko fáfitì fọwọ́ sí i kí ẹ tó ra eku kan ṣoṣo o.