"Àgbà" ni àbí "arúgbó": kí ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu wa?

Ọmọ Ìlódè:
Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sin ìyá mi lọ gba owó ní báńkì kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì kí olóyè tó wà níwájú wa ní "bàbá wa", ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìyá mi, tó dàgbà ju olóyè náà lọ dáadáa, èmi ló kọjú sí, tó ní: "Ẹ sọ fún ìyá arúgbó yẹn kí wọ́n tún tẹ̀ka." Ṣé ọjọ́ orí ló ń sọ ènìyàn di àgbà lójú wa ni, àbí ipò àti owó?

Òṣómàáló, Iléṣà:
Ẹ má di ẹ̀bi ru "arúgbó", nítorí kì í ṣe èébú. Bí a bá ń súre fún ọmọ, ṣebí a máa ń ní kó dàgbà, kó darúgbó. "Yẹn" ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ tún kíyè sí i pé "wọ́n" ni ọmọ náà lò: ẹnu rẹ̀ bọ̀wọ̀, ojú rẹ̀ ni kò bọ̀wọ̀. Ní ti ipò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ẹni ọdún 41 ni Ọọ̀ni Ògúnwùsì nígbà tí wọ́n gorí ìtẹ́ ní ọdún 2015, àwọn tó tó bí wọn lọ́mọ sì ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kò sì sí ẹni tó rí i bí ohun àjèjì.

Olùkọ́ Àná:
Ẹni 60 ọdún ni mí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kí òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 tó sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń pè mí ní "ọ̀gá" ti ń pè mí ní "bàbá". Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbéga ni. Ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, wọ́n á gbé àga onítìmùtìmù fún mi, wọ́n á ní kí n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ owó tìránsífọ́mà bá ti délẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wojú mi mọ́ títí wọn yóò fi tún ké sí mi pé kí n wá fi àdúrà kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. (Èmi ni mo kọ́ akápò wọn ní ìṣirò.)

Ọmọ Ìlódè:
Ẹ ṣeun, ọ̀gá Olùkọ́. Mo bi ìyá mi léèrè lálẹ́ yìí bóyá "arúgbó" ọjọ́sí dùn wọ́n. Wọ́n ní arúgbó làwọn, kí ni kí wọ́n tún pe àwọn? Ohun tó dun àwọn ni pé ìka àwọn ni wọ́n ń wá, èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.