Báwo ni mo ṣe lè lo kọ̀ǹpáílà (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé lórí) gcc 9 àti gcc 12 lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ubuntu 22.04 ni mo ń lò. Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́wọ́ mi: ọ̀kan ń lo CUDA 11.0 (irinṣẹ́ NVIDIA tí a fi ń kọ ètò fún GPU), tí kì í gba gcc tó bá ti kọjá 9. Èkejì jẹ́ C++20 (ẹ̀dà èdè C++ ti ọdún 2020), gcc 12 ni mo sì fẹ́ fi ṣe é.

Mo ti fi apt gbé gcc (fún èdè C) àti g++ (fún C++) ti 9 àti 12 sórí ẹ̀rọ. Mo fi update-alternatives (àṣẹ tí a fi ń yan ẹ̀dà ètò tí ẹ̀rọ máa lò) yan 9 fún gcc, `gcc --version` sì fi 9 hàn. Ṣùgbọ́n `g++ --version` ṣì ń fi 11 tó bá Ubuntu wá hàn, òun náà sì ni CMake (ètò tó ń ṣètò bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà) ń mú. Mo pa fódà build rẹ́, mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, pàbó ló já sí. `export CXX=g++-9`, tó ń sọ kọ̀ǹpáílà C++ tí CMake yóò lò, ṣiṣẹ́, àmọ́ tí mo bá ti ṣí tẹ́mínà mìíràn, ó ti lọ nìyẹn. Èyí ló ń dá mi lágara jù, torí mo máa ń kúrò nídìí iṣẹ́ kan bọ́ sí èkejì léraléra.

Ṣé kí n so g++ mọ́ gcc nínú update-alternatives kí wọ́n lè jọ máa yí ni, àbí ọ̀nà wà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi mú kọ̀ǹpáílà tirẹ̀ fúnra rẹ̀, títí kan èyí tí nvcc (kọ̀ǹpáílà CUDA) ń lò?